Ẹ̀rọ maikirowéfù tó ń mú granule oògùn gbẹ: ta ló yẹ kó rà á?

Bí ẹ bá ń kánjú, èyí ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀rọ náà dáa, ó wọ́n, kì í sì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ṣe parasitamọ́ọ̀lù ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù, kó má wulẹ̀ da owó rẹ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe oògùn tó máa ń hó yaya bí wọ́n bá jù ú sínú omi, tàbí tó ń fi ẹtánọ́ọ̀lù pò oògùn dípò omi, tàbí tó ń ṣe oògùn tó le débi pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ sí òṣìṣẹ́ lára, ẹni yẹn ni kó fa àga kó jókòó.

Apòògùn ni mí. Ọ̀tà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí n tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn onílé-iṣẹ́ mìíràn ṣe oògùn ni mo wà báyìí, yàrá tí ẹ̀rọ yìí wà sì wà lábẹ́ àbójútó mi. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí mo fẹ́ sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ṣiṣẹ́ l'Ọ́tà nígbà náà ti di ọ̀gá pátápátá níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, òun ló ń fi WhatsApp da mí láàmú: "Àbúrò, ẹ̀rọ maikirowéfù tí ẹ ní lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ká ra tiwa?" Mo dá a lóhùn lórí fóònù títí, ọ̀rọ̀ ò tán. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn yòókù tó ń béèrè náà lè rí i kà.

Fún ẹni tí kì í ṣe ará iṣẹ́ wa: ìyẹ̀fun oògùn kì í dédé di oògùn oníhóró. Bí ẹ bá da lẹ́búlẹ́bú lásán sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ oògùn, kò ní ṣàn dáadáa. Hóró kan á wúwo ju èkejì lọ, òmíràn á là sí méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi omi àti ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra pò ó títí yóò fi di wóró-wóró. Wóró-wóró yẹn ni granule. Ẹni tó bá ti bá wọn jọ̀ gàrí rí kó tó wọ agbada ti mọ bó ṣe ń rí: ó rin, ó ń lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kíákíá láìjóná. Níbi gbígbẹ yìí gan-an ni owó, àkókò àti ẹ̀jẹ̀ ríru àwa tí à ń ṣe é wà.

L'Ọ́tà, ààrò onítíréè la ní. A ó tẹ́ granule sórí tíréè nírọ̀lẹ́, a ó tì í bọnú ààrò, ó di àárọ̀. Ti òkè á ti gbẹ jù, ti ìsàlẹ̀ á ṣì máa rin. Àwọn tó lówó jù wá lọ ní ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbé granule sókè láti ìsàlẹ̀, tí granule á máa jó lójú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gbẹ. Ẹ̀rọ gidi nìyẹn, òun ló wọ́pọ̀, mi ò sì ní bú u. Ó kàn jẹ́ pé ó gba àyè, ó ń mu afẹ́fẹ́ púpọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kó granule tútù kúrò nínú ẹ̀rọ tó pò ó lọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó rọ̀ mọ́ kíkó.

Ti maikirowéfù yìí, ìkòkò irin kan ṣoṣo ni. Inú rẹ̀ la ń da lẹ́búlẹ́bú sí, inú rẹ̀ la ti ń wọ́n omi sí i. Apá ńlá kan ń rò ó nísàlẹ̀, abẹ kékeré kan ń gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí granule bá ti dá dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í ṣí ìdérí. Pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́ jáde, a ó tan magnetron, ìyẹn ohun tó ń pèsè ìgbì maikirowéfù, gbígbẹ bẹ̀rẹ̀.

Fákúùmù ni ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀. Omi tó ń hó ní dígírì 100 lójú afẹ́fẹ́ lásán, bí ẹ bá fa afẹ́fẹ́ inú ìkòkò wálẹ̀ dé mílíbáà 50 (afẹ́fẹ́ lásán tó nǹkan bíi 1000), ní nǹkan bíi dígírì 33 ló ti máa hó. Ìyẹn ò tó ooru ara èèyàn. Maikirowéfù ni ọgbọ́n kejì. Ìgbì megahertz 2450 ni tiwa ń lò, irú èyí tó wà nílé ìdáná yín gan-an. Nínú granule tí a fi omi pò, omi ló ń gbé agbára ìgbì yìí mì jù. Láákítóósì àti mánnítọ́ọ̀lù gbígbẹ, àwọn ìyẹ̀fun tí a ń fi kún oògùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Nítorí náà, ibi tí omi bá wà ni ooru ń lọ, ì báà jẹ́ àárín gbùngbùn granule.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti rí ìkòkò oní-fákúùmù tí kò ní maikirowéfù rárá, omi gbígbóná ni wọ́n fi yí ara rẹ̀ ká, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ìkòkò bá kéré. Ẹ sọ ìkòkò náà di ìlọ́po méjì ní gíga àti ní fífẹ̀ wàyí: ara irin tó ń fún granule ní ooru á di ìlọ́po 4, granule tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po 8. Ohun tó gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán nínú ìkòkò kékeré ti láàbù, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn nínú ńlá. Maikirowéfù ò dúró de ara irin kó tó ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti na àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn tó ń tà á fẹ́ràn ìṣírò. Ẹ mú báàṣì kan, ìyẹn oògùn tí a pò lẹ́ẹ̀kan náà, tí omi tó gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀ jẹ́ kílò 16. Kílò omi kan ń gba nǹkan bíi megajoule 2.4 kó tó di oru ní ìwọ̀n gbígbóná tó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ megajoule 38 àti díẹ̀. Bí gbogbo kilowatt 12 tí magnetron ń tú jáde bá wọnú omi láìṣẹ́kù, ìṣẹ́jú 53 ni. Ìṣẹ́jú 53 yìí ló máa wà nínú ìwé aláràbarà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín. Nílé-iṣẹ́ wa, irú báàṣì bẹ́ẹ̀ ń gba wákàtí kan àbọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fi gbogbo agbára sí i dópin láìba oògùn jẹ́. Bákan náà, kilowatt 12 tó jáde kọ́ ni kilowatt tí ẹ ó sanwó fún: magnetron kì í sọ gbogbo iná tó gbé di ìgbì, pọ́ǹpù náà ń jẹ tirẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wà ní ìparí gbígbẹ. Gíláàsì kékeré kan wà lójú ìdérí, àwọ̀n irin ni wọ́n fi bò ó nínú. Ìgbì náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, kò lè gba ojú ihò wínníwínní bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ń rí inú. Níbẹ̀rẹ̀, ìrì á bo gíláàsì, granule á máa ṣubú ní ìṣù-ìṣù, mọ́tò á máa kùn. Tó bá yá, gíláàsì á mọ́, granule á bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, ohùn mọ́tò á fúyẹ́. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ti wá ń gbéra níbẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù.

Ọmọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà lálẹ́ lè fi etí nìkan mọ ìgbà tó yẹ kó dá a dúró, ṣùgbọ́n àwọn aláyẹ̀wò MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í gba etí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìlà ojú sikiríìnì ni wọ́n ń gbà. Ní gbogbo ìgbà tí omi ṣì pọ̀, ìwọ̀n gbígbóná granule kì í kúrò lójú kan. Ó dúró síbi tí omi ti ń hó lábẹ́ fákúùmù náà. Agbára tó ń ta padà sọ́dọ̀ magnetron náà kéré. Bí omi ṣe ń tán, kò sí ohun tó máa gbé ìgbì mì mọ́, ìgbì ń ta padà, ìlà yẹn á gòkè, ìwọ̀n gbígbóná á sì tẹ̀ lé e. Ẹ fi ojú sí ibi tí ìlà méjèèjì ti jọ gbéra.

Àwọn tó ta á fún wa fẹ́ ká máa fi maikirowéfù parí iṣẹ́ dé òpin. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tó kù sẹ́yìn náà ti há mọ́ ara ohun tó wà nínú granule, kì í gbé ìgbì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìgbì tí kò rí omi á wá ohun mìíràn tó máa mú gbóná: ó lè jẹ́ oògùn gan-an, ó lè jẹ́ ìṣù tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Bí omi inú granule bá ti kù ìdá 3 nínú 100, a ti ń pa magnetron. Fákúùmù àti omi gbígbóná ara ìkòkò ló máa ń parí ìyókù. Ó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí n sùn. (Ẹni tó bá ń lo láákítóósì kó má jẹ́ kí omi inú kírísítà rẹ̀, bíi ìdá 5 nínú 100, dẹ́rù bà á. Omi yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde ní dígírì 105 tí a fi ń wọn sáńpù.)

Apá tó ń rò ó náà gba sùúrù. Granule tó ti gbẹ kì í fẹ́ kí a máa rò ó. Ó máa ń fọ́, lẹ́búlẹ́bú tí a ti bá jà níbẹ̀rẹ̀ á padà dé. A máa ń jẹ́ kí apá yẹn yí díẹ̀, kó dúró pẹ́. Tiwa tún ní ohun kan tí mo fẹ́ràn: gbogbo ìkòkò náà máa ń fì sọ́tùn-ún sósì, granule á máa yí ara rẹ̀ padà láìsí pé irin ń gbá a. Bí ẹ bá ń ra irú rẹ̀, ẹ má gba èyí tí kì í fì.

Oògùn tó ń hó nínú omi ló sọ mí di ẹni tó gba ti ẹ̀rọ yìí. Síítíríìkì ásíìdì àti sódíọ̀mù báíkábónéètì ló wà nínú rẹ̀, bí ọ̀tá méjì tó jọ ń gbé yàrá kan. Bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí jà, ìjà náà sì ń pèsè omi tuntun fúnra rẹ̀, omi yẹn á tún dá òmíràn sílẹ̀. Nínú ààrò onítíréè, kí ó tó gbẹ, púpọ̀ nínú ìhó tí ẹ fẹ́ tà fún aláìsàn ti lọ. Nínú ìkòkò yìí, a ó wọ́n omi díẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀, granule á dá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó sì fi fákúùmù pa á lójijì. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣe èyí tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wú mi lórí títí di òní.

Ti ẹtánọ́ọ̀lù náà dáa. Nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, oru ẹtánọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ àti ìṣáná kékeré kan láti ara lẹ́búlẹ́bú lè gbé òrùlé lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ná owó tabua láti mú kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fara da ìbúgbàmù. Nínú fákúùmù, ọ́ksíjìn tó kù ò tó nǹkan. Oru náà ń gba inú kọ́ńdẹ́ńsà, ó ń di olómi padà, a ń gbà á sínú àgbá. Ẹtánọ́ọ̀lù náà ń gbé ìgbì mì dáadáa, agbára tó ń gbà kó tó di oru kò sì tó ìdajì ti omi, nítorí náà kì í pẹ́. Ìwọ̀nba tó máa ń ku sẹ́yìn ló ń yọni lẹ́nu. Ìlànà ICH Q3C, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí irú olómi bẹ́ẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù sínú oògùn, ní kó má kọjá 5000 nínú mílíọ̀nù kan. Bí a bá jẹ́ kí náítírójìn díẹ̀ máa wọlé láti ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ó máa ń gbá a jáde.

Ẹ̀sùn mi wàyí.

Ojú fèrèsé tí ìgbì ń gbà wọnú ìkòkò ni àkọ́kọ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síbẹ̀ máa lé lẹ́búlẹ́bú kúrò. Kò lé e tó. Granule tútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ìgbì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ibẹ̀ di àwọ̀ búráùn, ó jábọ́ sínú báàṣì. Orí asẹ́ la ti rí èérún dúdú kéékèèké. Gbogbo báàṣì náà, dída nù ni. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, ó pààrọ̀ ohun kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ yẹn ti ń jáde, ó sì kọ ìwé owó tó mú mi jókòó. Láti ọjọ́ náà, a kì í bẹ̀rẹ̀ báàṣì láì tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú fèrèsé yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ wa.

Èkejì, ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń yangàn náà ni ìṣòro rẹ̀. Nígbà tó bá ń gbẹ nǹkan, kò lè pò nǹkan. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìpò àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀ á ti máa pò báàṣì kejì nígbà tí èkíní ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ohun tí mo sọ nípa parasitamọ́ọ̀lù lókè.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwọra. Àwọn kan rò pé bí fákúùmù bá ṣe jìn tó ló ṣe dáa tó. Bí gáàsì inú ìkòkò bá fẹ́lẹ́ jù, ìgbì á tan iná àlùkò nínú rẹ̀ bíi ti gíláàsì iná oní-nẹ́ọ̀nù, oògùn á jóná níbi tó bá kàn. Nígbà tí magnetron bá ń ṣiṣẹ́, a kì í sọ̀ kalẹ̀ ju mílíbáà 30 lọ.

Fífọ̀ rẹ̀ rọrùn, omi tó ń tú láti inú ìdérí ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ìdí apá tó ń rò ó nìkan la máa ń tú sílẹ̀ fọwọ́ fọ̀.

Màámi gbọ́ pé maikirowéfù ni mò ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ní kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ìdérí bá ṣí bíi tín-ínrín, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, àti pé a máa ń fi mítà wọn ara rẹ̀ yíká: milliwatt 5 lórí sẹ̀ǹtímítà oníbùú-lóròó kan, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀rọ, ni òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá, tiwa ò sì súnmọ́ ọn. Wọn ò gbà. Mo wá sọ fún wọn pé Birmingham níbí ni Randall àti Boot ti ṣe irú magnetron yìí ní 1940, nítorí ogun, láti fi ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Ìyẹn tún bà á jẹ́ sí i.

Ó wá kan Ẹ̀gbọ́n l'Ọ́tà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Iná tó ń fún magnetron lágbára ga gan-an, kì í fẹ́ràn iná tó ń ṣe ségesège. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé e lójú ẹsẹ̀, granule á wà nínú ìkòkò ní ààbọ̀ gbígbẹ, ẹ ó sì ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún NAFDAC lórí ìwé. Ẹ fi owó ohun tó ń mú iná dúró ṣinṣin kún owó ẹ̀rọ kí ẹ tó pe owó náà ní owó. Fún àwọn ọjà tí ẹ ń ṣe báyìí, mo fún un ní 4 nínú 10. Fún iṣẹ́ tiwa níbí, 8 ni.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi níjọ́sí pé ẹ ń ronú fítámì C tó ń hó nínú omi, tí ẹ ò fẹ́ máa kó o wọlé láti òkè òkun mọ́. Ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà òjò ní ìhà Èkó àti Ọ̀tà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń lé ní ìdá 80 nínú 100; irú oògùn yẹn ò fẹ́ ju nǹkan bíi 20 sí 25 lọ. Ìkòkò tó ń pò, tó ń mú un gbẹ láìṣí ìdérí, á gbà yín lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ yẹn níbi tó ti burú jù. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ di hóró àti níbi tí ẹ ti ń dì í, ẹ ó ṣì nílò yàrá gbígbẹ níbẹ̀.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ má ra ohun tí ẹ rí lórí fídíò. Àwọn tó ń ṣe é ní ibi ìdánwò; ẹ gbé oògùn tiyín gan-an lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi láákítóósì lásán ṣe fàájì fún yín, torí oògùn mìíràn wà tó ń gbé ìgbì mì fúnra rẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ mọ ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà agbára tó ń ta padà hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ mú sáńpù láti òkè, láti àárín àti láti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ṣí ìdérí lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú fèrèsé. Magnetron máa ń gbó, nítorí náà kí iye owó magnetron méjì àti ti ẹnjiníà tó máa wá fi í sí i wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, iye mìíràn ni wọ́n máa pè fún yín.